Ọkọ̀ kékeré òde òní àti ọkọ̀ bọ̀gìnnì ńlá àtijọ́: èwo ni iṣẹ́ títóbi, èwo ni iṣẹ́ ọjọ́ orí?

Bí àwọn ènìyàn bá fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré òde òní wé ọkọ̀ bọ̀gìnnì ńlá tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1960 sí 1980, ìwọ̀n ni ojú wọn kọ́kọ́ máa ń lọ. Wọ́n á ní èyí gùn ju ìyẹn lọ, èyí wúwo ju ìyẹn lọ, ẹ́ńjìnnì èyí tóbi ju ti ìyẹn lọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbà pé ọkọ̀ ńlá náà ni yóò lágbára jù, pé òun ni yóò dáàbò bo ẹni tó wà nínú rẹ̀ jù, àti pé ẹni tó bá rí i rà ní owó pọ́ọ́kú ti jèrè. Ohun tí ó da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé ìyàtọ̀ méjì ló wà láàárín àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, kì í ṣe ẹyọ kan: ọ̀kan tóbi, èkejì kéré; ọ̀kan ti pẹ́ láyé, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń kà sí iṣẹ́ títóbi jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ orí, àwọn nǹkan kan sì wà tó jẹ́ pé títóbi nìkan ló fà wọ́n. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa ṣe ìpinnu lórí ohun tí kò rí bí ó ṣe rò ó.

Agbára ẹ́ńjìnnì ni ibi tí ojú ti ń tanni jẹ jù. Ní ọdún 1976, Cadillac, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bọ̀gìnnì ti Amẹ́ríkà, ń ta ọkọ̀ Eldorado tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́jọ, ìyẹn ihò tí epo ti ń jóná nínú ẹ́ńjìnnì, tí àyè inú àwọn sílíńdà náà lápapọ̀ sì jẹ́ lítà 8.2. Agbára tí ilé-iṣẹ́ náà kéde fún ẹ́ńjìnnì yìí, nígbà tí ó bá ń lo kábúrétọ̀ tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, jẹ́ agbára ẹṣin 190. Ní ọdún 2012, Ford gbé ẹ́ńjìnnì kan jáde tí sílíńdà rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta péré, tí àyè inú rẹ̀ kò sì ju lítà kan lọ, wọ́n sì fi í sínú àwọn ọkọ̀ bíi Focus àti Fiesta. Èyí tó lágbára jù nínú wọn nígbà náà ń mú nǹkan bí agbára ẹṣin 123 wá. Bí a bá pín in sórí lítà kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 23 ló kan lítà kan nínú Cadillac, nígbà tí ẹ́ńjìnnì kékeré náà ń rí ohun tó ju 120 lọ lórí lítà kan ṣoṣo tí ó ní. Títóbi kọ́ ló fa ìyàtọ̀ yìí. Ohun tó fà á ni tọ́bò tí ń fi ipá ti afẹ́fẹ́ wọ inú sílíńdà, àti kọ̀ǹpútà tí ń díwọ̀n epo ní ìgbà àìmọye láàárín ìṣẹ́jú kan, àwọn ohun tí kò sí nínú ẹ́ńjìnnì Cadillac oníkábúrétọ̀ yẹn.

Ohun kan tún wà tí ó máa ń da àwọn tó ń ka ìwé ọkọ̀ àtijọ́ lọ́kàn rú, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Eldorado ti ọdún 1970, tí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ náà jẹ́ lítà 8.2, ní agbára ẹṣin 400 lórí ìwé. Báwo ni 400 ṣe di 190 láàárín ọdún mẹ́fà? Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ òtítọ́: láti ọdún 1971, wọ́n dín bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kù, kí ó lè máa lo epo tí òjé inú rẹ̀ kò pọ̀, kí èéfín rẹ̀ sì lè bá òfin mu. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Kí ó tó di ọdún 1972, ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà máa ń kéde ni agbára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n gbé sórí pèpéle ní òun nìkan, láìsí fáànù, láìsí àwọn ohun tí ẹ́ńjìnnì ń wọ́ yí, láìsí páìpù èéfín tí ọkọ̀ gan-an yóò lò. Láti ọdún 1972, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n pẹ̀lú gbogbo ẹrù tí ó máa ń gbé nínú ọkọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi agbára ẹṣin ọkọ̀ Amẹ́ríkà ti ọdún 1970 wé ti ọkọ̀ òde òní láìmọ èyí, ohun méjì tí òṣùwọ̀n wọn kò dọ́gba ló ń fi wéra.

Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ńlá náà ní ohun kan tí àwọn tó ń wà á kò parọ́ nípa rẹ̀. Ipá tí ó fi ń yí ọ̀pá tó ń lọ sí ẹsẹ̀ taya fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ẹ́ńjìnnì kékeré tí a sọ yìí, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sì ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ipá náà máa ń pé. Èyí ni kò ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá àtijọ́ pariwo kí ó tó gbéra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wúwo ju kìlógíráàmù 2,200 lọ, nígbà tí Fiesta wà ní nǹkan bí 1,100. Ìwúwo yẹn ló ń jẹ púpọ̀ nínú ipá náà tán, tí ọkọ̀ kékeré fi máa ń bá a sáré láìṣe wàhálà.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́ jù, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé irin ọkọ̀ àtijọ́ nípọn, pé bí ọkọ̀ bá kọlu ọkọ̀, ẹni tó wà nínú èyí tó le bí òkúta ni kò ní fara pa. Ní ọdún 2009, àjọ Insurance Institute for Highway Safety ti Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò tó fi òdìkejì rẹ̀ hàn kedere. Wọ́n mú Chevrolet Bel Air ti ọdún 1959 àti Chevrolet Malibu ti ọdún 2009, ọkọ̀ méjì tí ìwúwo wọn kò jìnnà síra, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n forí sọra ní apá awakọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa sáré nǹkan bí kìlómítà 64 láàárín wákàtí kan. Iwájú Malibu run wómúwómú, ṣùgbọ́n ibi tí awakọ̀ jókòó sí dúró bí ó ṣe wà. Ní ti Bel Air, ibi ìjókòó awakọ̀ ló wó, ọ̀pá sítíárìn ń bọ̀ lápá ẹ̀yìn sí ère onírísí ènìyàn tí wọ́n gbé síbẹ̀, àwọn olùṣèdánwò sì sọ pé bí ó bá jẹ́ ènìyàn ni, ì bá ti kú.

Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà tí ọkọ̀ bá dúró lójijì, agbára ìsáré rẹ̀ gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Bí irin iwájú ọkọ̀ bá ń kákò díẹ̀díẹ̀, òun ló ń gba agbára náà sára, tí ọkọ̀ sì ń fi àkókò díẹ̀ sí i dúró. Bí irin iwájú bá le jù tí kò kákò bó ṣe yẹ, tàbí bí ibi ìjókòó kò bá lágbára ju iwájú lọ, ara ènìyàn ni yóò gba ohun tí irin kọ̀ láti gbà. Béla Barényi, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Mercedes-Benz, ló ronú kan ètò pé kí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ máa kákò kí àárín rẹ̀ sì dúró ṣinṣin; ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú ètò yìí ní ọdún 1959. Ọdún yẹn kan náà ni Nils Bohlin ti Volvo ṣe bẹ́líìtì ìjókòó tó gba èjìká àti ìdí kọjá, tí a ń lò títí di òní. Bíréèkì oníkọ̀ǹpútà tí kì í jẹ́ kí taya há dé inú Mercedes-Benz S-Class ní ọdún 1978. Gbogbo ohun wọ̀nyí, pẹ̀lú àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ló ti di ohun tí a ń bá nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré òde òní, nígbà tí ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí ó náni ní owó ńlá ní ọdún 1965 kò ní púpọ̀ nínú wọn.

Ṣé títóbi kò wá ní àǹfààní kankan nínú ọ̀rọ̀ ààbò ni? Ó ní. Ní ọdún 2009 yẹn náà, àjọ yìí kan náà mú àwọn ọkọ̀ kékeré tuntun, Toyota Yaris, Honda Fit àti Smart Fortwo, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n forí sọ Toyota Camry, Honda Accord àti Mercedes C-Class, àwọn tó tóbi jù wọ́n lọ láti ilé-iṣẹ́ kan náà. Gbogbo ọkọ̀ kékeré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba èsì tí kò dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣe dáadáa nígbà tí wọ́n kọlu ògiri ìdánwò ní àwọn nìkan. Ohun tó wúwo ni yóò ti èyí tó fúyẹ́ sẹ́yìn, ẹni tó wà nínú èyí tó fúyẹ́ ni yóò sì jẹ ìyà ìyípadà ìsáré tó pọ̀ jù. Nítorí náà, láàárín ọkọ̀ méjì tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ní ọjọ́ orí, èyí tó tóbi ló sàn. Láàárín ọkọ̀ ńlá àtijọ́ àti ọkọ̀ kékeré tuntun, ọjọ́ orí ló sábà máa ń borí. Ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ ńlá àtijọ́ gbé ọmọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́ nítorí ó rò pé òun ló ní ààbò jù, ẹ jọ̀wọ́, kí ó tún un rò.

Ìrọ̀rùn ìjókòó àti ìrìn ni ibi tí ọkọ̀ ńlá ti gba iyì tó tọ́ sí i, títóbi gan-an ló sì fún un. Rolls-Royce Silver Shadow, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1965 títí di 1980, gùn ní nǹkan bí mítà 5.17. Láti taya iwájú rẹ̀ dé taya ẹ̀yìn tó nǹkan bí mítà 3.04, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá gígùn odindi ọkọ̀ Mini ti ọdún 1959 dọ́gba. Bí taya iwájú àti ti ẹ̀yìn bá jìnnà síra báyìí, kòtò tí iwájú bọ́ sí kì í sọ ara ọkọ̀ sókè sódò bíi ti ọkọ̀ kúkurú. Bí ara ọkọ̀ bá sì wúwo púpọ̀ ju ẹsẹ̀ taya lọ, fífò taya kì í lè mì ín púpọ̀. Silver Shadow tún ní ètò olómi, tí wọ́n gba àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ Citroën, tí ń mú kí ọkọ̀ náà tẹ́jú bákan náà bí ẹrù inú rẹ̀ bá tilẹ̀ pọ̀. Ọkọ̀ kékeré tuntun lè sáré jù ú, ó lè dúró kíákíá jù ú, ṣùgbọ́n kò lè rìn lójú ọ̀nà tí kò dára bí Silver Shadow tó wà ní ìlera ṣe ń rìn.

Kí a má wá rò pé kíkéré ni híhá. Nígbà tí wàhálà ọdún 1956 lórí Suez, ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà kọjá ní Íjíbítì, mú kí epo ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní kí Alec Issigonis, onímọ̀ ẹ̀rọ, ya àwòrán ọkọ̀ kan tí kò ní jẹ epo púpọ̀, tí yóò sì gba ènìyàn mẹ́rin; ọkọ̀ náà ni Mini. Ó gbé ẹ́ńjìnnì dábùú dípò kí ó nà án sí ọ̀nà gígùn, ó fi gíà sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, ó sì jẹ́ kí taya iwájú máa fa ọkọ̀, tí èyí tó pọ̀ jù nínú gígùn ọkọ̀ fi di ti èrò àti ẹrù. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ kékeré òde òní ṣì ń gbé ẹ́ńjìnnì wọn dábùú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, ẹ wo ọkọ̀ bọ̀gìnnì tí imú rẹ̀ gùn nítorí pé ẹ́ńjìnnì ló gba ibẹ̀: kì í ṣe gbogbo mítà tí a rí ni ènìyàn lè jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ epo kò ṣòro. Ìwúwo ọkọ̀, bí iwájú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó láti gba afẹ́fẹ́, àti àyè inú sílíńdà ni iṣẹ́ títóbi nínú rẹ̀. Kábúrétọ̀ àti gíà aládàáṣiṣẹ́ onípele mẹ́ta ni iṣẹ́ ọjọ́ orí. Ọkọ̀ kékeré tuntun lè lo nǹkan bí lítà 6 fún kìlómítà 100, irú Silver Shadow sì lè lo 22. Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 10,000 lọ́dún yóò ra lítà 600 fún èkíní, yóò sì ra 2,200 fún èkejì. Ẹni tí kò rin ju kìlómítà 1,000 lọ́dún yóò ra 60 tàbí 220, ìyàtọ̀ yẹn kò sì tó ohun tí yóò ba ètò rẹ̀ jẹ́. Kì í ṣe bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ epo nìkan ni kí a wò. Kí a wo bí a ó ṣe máa wà á pẹ̀lú.

Owó ìtọ́jú ni ibi tí ọ̀pọ̀ ti kábàámọ̀, ó sì dùn mí pé a kì í ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó sanwó. Ọkọ̀ bọ̀gìnnì máa ń já wálẹ̀ gan-an ní iye bí ọdún ti ń gorí ọdún, débi pé èyí tí olówó ńlá nìkan lè rà nígbà tí ó jẹ́ tuntun lè bọ́ sí iye ọkọ̀ kékeré. Iye tí wọ́n ń tà á ló wálẹ̀. Iye àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ kò bá a wálẹ̀. Bí páńpù kan nínú rẹ̀ bá bàjẹ́, páńpù ọkọ̀ olówó ńlá ni a fẹ́ rà, kì í ṣe ti ọkọ̀ tí a rà ní pọ́ọ́kú. Ẹ wo Mercedes-Benz 600, tí wọ́n ṣe láti ọdún 1963 dé 1981. Òróró tí wọ́n fi ipá tó tó nǹkan bí 150 bar, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 150 ipá afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, tì kọjá nínú páìpù ló ń ṣí fèrèsé rẹ̀, ló ń sún ìjókòó rẹ̀, ló sì ń ṣí bùútù rẹ̀, láìpariwo rárá. Ètò náà dára lójú, ṣùgbọ́n ibi kan ṣoṣo tí ó bá ti ń jò lè sọ gbogbo rẹ̀ di aláìṣiṣẹ́, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀. Gbogbo 600 tí wọ́n ṣe lápapọ̀ kò ju 2,677 lọ, nígbà tí Mini àtètèkọ́ṣe ju mílíọ̀nù 5 lọ kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2000. Bí ọkọ̀ kan ṣe pọ̀ tó ló ń sọ bí ẹ̀yà ara rẹ̀ yóò ṣe wọ́n tó. Silver Shadow náà ní òróró bíréèkì tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní RR363. Mẹkáníìkì tí kò mọ̀ tí ó bá bu òróró mìíràn sí i lè ba rọ́bà inú ètò náà jẹ́.

Ọkọ̀ kékeré tuntun kò bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó, ṣùgbọ́n ìnáwó tirẹ̀ ṣeé rí tẹ́lẹ̀. Ohun tó ń gbà lọ́wọ́ ẹni jù ni bí iye rẹ̀ ṣe ń wálẹ̀ ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, èyí tí olówó rẹ̀ kì í rí títí di ọjọ́ tí ó bá fẹ́ tà á. Ọkọ̀ àtijọ́ tó bá ti wálẹ̀ dé ìsàlẹ̀ lè dúró síbẹ̀, tàbí kí ó tilẹ̀ gòkè bí ó bá ṣọ̀wọ́n tí ó sì wà ní ipò tó dára. Àmọ́ ẹni tó bá ń kà á sí ìdókòwò gbọ́dọ̀ yọ owó ibi ìpamọ́, owó ìbánigbófò àti owó àtúnṣe kúrò nínú èrè náà, kò sì wọ́pọ̀ kí nǹkan púpọ̀ ṣẹ́kù.

Nípa èéfín, ọjọ́ orí ló ni ọ̀rọ̀ náà. Láti bí ọdún 1975 ni àwọn ọkọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ohun èlò inú páìpù tí ń sọ èéfín olóró di èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ kò sì ní in. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ púpọ̀ ni wọ́n ṣe fún epo olójé, òjé náà sì ń dáàbò bo ibi tí fálífù, ohun tí ń ṣí tí ó sì ń pa ẹnu ọ̀nà sílíńdà dé, ń jókòó sí. Epo olójé fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì ti tán nílé epo káàkiri ayé láti oṣù keje ọdún 2021, nígbà tí Àlgéríà, orílẹ̀-èdè tó kù, dẹ́kun títà á. Ẹni tó bá fẹ́ máa wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ déédéé yóò pààrọ̀ ìjókòó fálífù sí èyí tó le, tàbí kí ó máa po oògùn mọ́ epo. Bí epo ilé epo bá sì ní ẹtánọ́ọ̀lù, irú ọtí kan tí wọ́n ń pò mọ́ epo, nínú, ó lè jẹ rọ́bà àtijọ́ tí epo ń gbà kọjá, epo tó ń jò lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná sì lè di iná. Ó yẹ kí a pààrọ̀ àwọn rọ́bà wọ̀nyí kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ náà.

Fún ẹni tí ọkọ̀ kan ṣoṣo wà fún, tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ tí ó sì ń gbé ẹbí, mo gbà pé ọkọ̀ kékeré tuntun tó gba èsì rere nínú ìdánwò ìjàǹbá ni ó yẹ kí ó rà. Ẹni tí ó ti ní ọkọ̀ tó ń lò lójoojúmọ́, tí ó sì fẹ́ràn ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ọkọ̀ ńlá àtijọ́, kò ṣe àṣìṣe bí ó bá ra ọ̀kan, tí ó bá mọ ohun tí ó ń rà. Kí ó kọ́kọ́ wá mẹkáníìkì tó mọ irú ọkọ̀ náà kí ó tó wá ọkọ̀ gan-an. Kí ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn àti ìdí taya bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́, nítorí irin tó ti jẹrà nínú ara ọkọ̀ máa ń wọ́n láti tún ṣe ju ẹ́ńjìnnì mìíràn lọ. Kí ó béèrè ìwé gbogbo àtúnṣe tí wọ́n ti ṣe, kí ó sì sọ fún ẹni tó ń tà á pé kí ó má ṣe ṣáná sí ọkọ̀ náà títí òun yóò fi dé, kí òun lè gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún nígbà tí ó ṣì tutù.